Kóòṣì Agolo Tí Mo Gbé Lọ Bá Káfíńtà Rélùwéè

Kò sí rélùwéè ní Onitsha. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè máa pe ara mi ní ọ̀gá tó ń ṣe kóòṣì, ibi tí èrò máa ń jókòó sí nínú rélùwéè. Ta ló máa sọ pé irọ́ ni? Mo ti jáde sẹ́kọ́ńdírì, ìdánwò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, iṣẹ́ ò sì sí. Bàbá mi tó ń ta aṣọ lọ́jà ò pè mí lórúkọ mọ́. "Alágolo" ló ń pè mí.

Kò parọ́. Mo ra kóòṣì ìṣeré méjì tó ti fọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àlòkù. Mo gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, mo fi òjé lẹ orí tàkọ́kọ́ mọ́ ìdí èkejì, mo wá fi agolo mílíìkì dí àárín kó lè gùn. Ọ̀rá páálí sìgá ni mo fi ṣe gíláàsì fèrèsé. Mo tún ya èèyàn sórí bébà, mo gé wọn, mo tò wọ́n sójú fèrèsé, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ọgbẹ́ kún ọwọ́ mi bí ẹni tó bá ológbò jà tí ológbò sì borí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ fún mi bóyá mo mọ̀ ọ́n ṣe, mo sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ju èsì ìdánwò lọ. Káfíńtà kan, ará Ìgbò, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Kaduna sínú ilé tí a jọ háyà. Kóòṣì gidi ló ń ṣe níbẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn Ìgbò èèyàn rẹ̀ ní Àríwá lọ́dún 1966. Àpò kan ló gbé dé. Àbúrò rẹ̀ ò bá a dé. Gbogbo ilé mọ̀, èmi náà mọ̀, ṣùgbọ́n fèrèsé ló kún orí mi.

Mo kí i ní Ìgbò, mo gbé kóòṣì mi síwájú rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?"

Ó wò mí títí. "Ngbàtí." Bí wọ́n ṣe máa ń pe àwa Yorùbá nìyẹn tí inú bá ń bí wọn. "Ta ló rán ẹ sí mi?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná yọ àwọn èèyàn bébà mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jù wọ́n sílẹ̀. "Èyí ń rẹ́rìn-ín. Èyí náà ń rẹ́rìn-ín. Nínú èyí tí mo wọ̀ bọ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ráyè jókòó."

"Ẹ má bínú, sà."

"Má bẹ̀ mí. Bàbá ẹ ń ta aṣọ níbí, ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn án. Èmi ńkọ́?"

Ó gbé kóòṣì náà. Mo rò pé ó fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni. Ó yí i po, ọwọ́ rẹ̀ wá dúró.

"Ta ló sọ fún ẹ pé òrùlé kóòṣì máa ń tẹ́ bíi tábìlì? Níbo ni omi òjò máa gbà lọ?"

Ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ etí òrùlé náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá. Lẹ́yìn náà ló jù ú lù mí láyà.

"Gbé e kúrò níwájú mi. Tí mo bá tún rí i nínú ilé yìí, màá fọ́ ọ mọ́ ẹ lórí."

Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, bàbá mi kó wa sínú lọ́rì, ó di ilẹ̀ Yorùbá. Mo fi kóòṣì náà pamọ́ sínú ṣẹ́ẹ̀tì; gbogbo orí bíríìjì odò Ọya ló fi ń gún mi níkùn. Mo ti kọ́kọ́ lọ dágbére fún káfíńtà. Ayùn ló ń pọ́n. Kò gbójú sókè.

Mo ti ṣe kóòṣì púpọ̀ láti ìgbà náà, mi ò sì fi èèyàn sí ìkankan. Mo fi àtàǹpàkò tẹ òrùlé wọn, mo fi ìgò tẹ̀ ẹ́, mo fi ọmọ odó ìyá mi tẹ̀ ẹ́, ìyá mi sì fi ọmọ odó náà lé mi. Mo bu omi lé gbogbo wọn lórí wò. Orí èyí tí káfíńtà yẹn fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ nìkan ni omi ti ń ṣàn kúrò.