Òkúta Tó Wà Ní Oríta Omi

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Shodmon fi pín omi ní ìlú Poyon. Omi kan ṣoṣo ló wà. Orí òkè oníyìnyín ló ti ń ṣàn wá. Ó máa ń kọ́kọ́ dé ìlú Bolo, lẹ́yìn náà kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí Poyon. Ẹni tó wà lókè á mu, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á máa gbàdúrà.

Òkúta pẹlẹbẹ kan wà ní Bolo níbi tí omi ti pín sí méjì. Àwọn baba ńlá wọn ló gbé e síbẹ̀: ìdajì fún òkè, ìdajì fún ìsàlẹ̀. Ilé Odina ló sún mọ́ ọn jù. Odina àti Shodmon jọ da àgùntàn láti kékeré ni, òun ni Shodmon sì fi ṣọ́ òkúta náà fún Poyon.

Iṣẹ́ Shodmon ò ní owó nínú, iyì ló ní. Gbogbo ìlú ló nawọ́ yàn án. Oko tirẹ̀ ló máa ń bomi rin kẹ́yìn. Nígbà ìrúwé, tí wọ́n bá gbẹ́ kòtò omi tán, òun ni wọ́n máa ń gbé búrẹ́dì àkọ́kọ́ fún kó bù ú.

Lọ́dún kan, yìnyín ò pọ̀ lórí òkè. Omi Poyon fà títí kò fi dé ọrùn ẹsẹ̀ mọ́. Àwọn ará Poyon pàdé lábẹ́ igi.

Ìyá Zevar, arúgbó ẹlẹ́nu mímú, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Shodmon, ṣé omi wa ni ọ̀rẹ́ rẹ fi ń wẹ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ẹ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, yìnyín ni ò tó."

"Lọ wò ó nígbà náà. Àbí ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́?"

"Tí mo bá lọ wò ó, mo ti pè é lólè nìyẹn." Shodmon mú búrẹ́dì tó wà níwájú wọn, ó gbé e sókè. "Mo fi oúnjẹ yìí búra. Odina ò fọwọ́ kan òkúta."

Ní Poyon, ẹnikẹ́ni kì í bá búrẹ́dì jiyàn. Wọ́n tú ká.

Nílé, Savri ìyàwó rẹ̀ ò wo ojú rẹ̀. "Bàbá Nigora, ohun tí ọwọ́ tiyín ṣe ni kẹ́ ẹ máa búra lé, kì í ṣe ti ọwọ́ ẹlòmíì."

Ọjọ́ mẹ́rìnlá kọjá. Àlìkámà pọ́n kó tó gbó. Igi eléso mọ́kànlá tí Shodmon ní ń wọ́wé. Ó di èso gbígbẹ sínú àpò fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ lọ kí i. Ó gun òkè.

Oko tuntun ló kọ́kọ́ rí lẹ́yìn ilé Odina, ó tutù minimini. Lẹ́yìn náà ló rí òkúta. Wọ́n ti sún un ní ìwọ̀n apá kan. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ funfun, bí iwájú orí ẹni tó ṣí fìlà.

Odina jáde. "Shodmon! Jókòó, tíì wà lórí iná."

"Ta ló sún un?"

"Jókòó ná."

"Ta ló sún un, Odina?"

"Bolo ló fẹnu kò. Gbogbo wa la nawọ́. Ṣé kí n máa wo ọmọ mi kí ebi pa á ni?"

"Ẹ ò bẹ̀rù pé mo lè wá wò?"

Odina wolẹ̀. "Mo sọ fún wọn pé o ò ní wá."

Shodmon gbé àpò èso lé orí ògiri. "Mo búra fún ẹ. Búrẹ́dì ni mo fi búra."

"Ta ló ní kó o búra?"

Shodmon wá irin kan, ó fi sún òkúta padà fúnra rẹ̀. Odina ò bá a sún un, kò sì dí i lọ́wọ́. Àpò èso ṣì wà lórí ògiri. Shodmon gbé e padà sílé.

Ó pe ìlú jọ, ó sọ ohun tó rí.

Ìyá Zevar gan-an ṣàánú rẹ̀. "Sọ pé àgbàrá ló gbé e. Ta ló máa mọ̀?"

"Àgbàrá kọ́, Ìyá."

Ó fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn omi lélẹ̀. Ẹnì kankan ò ní kó gbé e padà. Ìdajì àlìkámà ìlú ló ti gbẹ.

Nígbà ìrúwé ọdún kejì, àwọn ará Bolo sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn gbẹ́ kòtò, kí ìjà lè tán. Poyon gbà wọ́n. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kì í bá ẹni tó wà lókè ṣọ̀tá pẹ́. Shodmon gbẹ́ ilẹ̀ láti àárọ̀ bí ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ fún.

Nígbà tí wọ́n jókòó jẹun, wọn ò gbé búrẹ́dì fún un. Ọwọ́ tó búra èké kì í bu búrẹ́dì ìlú. Odina ni wọ́n gbé e fún, torí òun ló dàgbà jù nínú àwọn àlejò. Odina ò búra rárá. Ó bù ú, ó pín in káàkiri, ó na ti Shodmon sí i.

Shodmon gbà á, ó gbé e kalẹ̀ sórí aṣọ tí wọ́n tẹ́ oúnjẹ lé. Ó mu tíì rẹ̀ tán. Ó gbé ṣọ́bìrì, ó padà sínú kòtò.