Ẹsẹ̀ Ológbò Lórí Kẹ̀kẹ́ Oníná

Káfíńtà tó ń kan òrùlé ni ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ológbò, torí bó ṣe máa ń rìn lórí igi àjà bí ẹni ń rìn ní pálọ̀. Lọ́jọ́ kan, igi kán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó já bọ́, mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ sì bàjẹ́. Láti ìdodo dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò mọ̀ mọ́ tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án. Ilé Màmá ló padà sí, lọ́dọ̀ èmi àti Màmá.

Ó lé lọ́dún kan kí ilé ìwòsàn tó fi í sídìí kẹ̀kẹ́ oníná. Kẹ̀kẹ́ náà kì í lọ síbì kankan. Orí àga onítáyà rẹ̀ ló máa jókòó sí, wọ́n á de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ pẹ́dàlì, wọ́n á lẹ àwọn pẹlẹbẹ olówáyà mọ́ itan àti ìdí rẹ̀. Tí iná bá ti wọlé, iṣan á sún kì, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí pẹ́dàlì. Obìnrin tó ń bójú tó o kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: kẹ̀kẹ́ yìí kò ní mú un rìn. Kí ẹran itan má baà joro, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa lọ dáadáa, ohun tó wà fún nìyẹn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ yé. A ò sọ fún Màmá. Ojo ni wá, àwa méjèèjì.

Ọjọ́ tí Màmá kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ náà tó ń yí, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé pákó wá láti kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wa, kí àga rẹ̀ lè máa gbabẹ̀ wọlé jáde. Màmá lé wọn padà. Ó ní ọmọ òun tó ti ń wa kẹ̀kẹ́ kò nílò ọ̀nà arọ. Inú bí mi gan-an, àmọ́ ta ni mo fẹ́ bínú sí? Oṣù méjì gbáko sí i ni ọkùnrin mẹ́rin fi ń gbé Ológbò sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí àpò sìmẹ́ńtì. Tí a ò bá rí wọn, inú yàrá rẹ̀ ló máa wà. Ojú ń tì í, ó sì ń dùn mí.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ó ní kí n mú Màmá wá sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí pẹ́dàlì ń yí lọ́wọ́, ó ní kó gbé ọwọ́ lé itan òun. Itan náà le koko, inú Màmá sì ń dùn. Ẹ̀gbọ́n mi wá fi orí ṣàmì sí obìnrin tó ń bójú tó o, ìyẹn sì pa iná. Pẹ́dàlì dúró. Itan náà rọ̀ pẹ̀sẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ Màmá.

“Iná ló ń yí i, Màmá,” ẹ̀gbọ́n mi sọ. “Èmi kọ́. Mi ò ní rìn mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kan pákó yẹn, kí n lè máa dá jáde.”

Màmá kò gbé ọwọ́ kúrò. Ó yíjú sí obìnrin náà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan iná yẹn padà,” ó ní. “Kó parí èyí tó kù. Tá a bá ti ń lọ sílé, èmi fúnra mi ni màá yà bẹ àwọn káfíńtà.”