Ìwé Tí Wọ́n Ní Kí N Sun

Òórùn ọṣẹ àti ti áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni mo fi ń rántí yàrá wa ní àdúgbò Hujun, ní Mẹ́kà. Aṣọ funfun àwọn tó wá ṣe Hájì là ń fọ̀ níbẹ̀, èmi àti Àlàájà kan, ará ìlú wa ní Tógò, tó gbà mí sílé nígbà tí mo sá mọ́ àwọn tí a jọ wá ṣe úmúrà lọ́wọ́. Ìwọ náà mọ bó ṣe ń rí fún ẹni tí kò ní ìkámà, ìwé àṣẹ ìgbélùú wọn: bí ọlọ́pàá bá wúkọ́ lásán, àyà rẹ á já.

Àwọn Jámánì ló ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí nígbà náà, bó ṣe rí láti ayé àwọn baba ńlá wa. Ẹni tó bá sá pamọ́ sí Mẹ́kà, tó wá padà dé, ọ̀nà ni wọ́n máa kó o lọ là fún ọdún méjì. Ìdí nìyí tí Àlàájà fi ń kọ́ gbogbo àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé ká sun ìwé ìrìnnà wa, bí ọlọ́pàá bá mú wa, ká sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni wá. Ta ló máa mọ̀? Yorùbá kan náà là ń sọ. Mo sun tèmi nínú agolo mílíìkì, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ni Jámánì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò, díẹ̀díẹ̀, bí ayálégbé tí kò fẹ́ kó ẹrù tán. Wọ́n kọ́kọ́ fi etíkun sílẹ̀, ọdún díẹ̀ kọjá, ó wá kan ìlú wa. A gbọ́ pé ọ́fíìsì wọn ní Jídà yóò fún wa ní ìwé ìpadàsílé láìfìyà jẹ ẹnikẹ́ni, títí di ọjọ́ tí wọ́n máa sọ àsíá wọn kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á tìlẹ̀kùn, ìjọba tuntun kò sì tíì ní ọ́fíìsì níbẹ̀. Àbúrò mi ti fóònù pé bí mo bá fẹ́ bá ìyá wa láyé, kí n má pẹ́.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn gan-an ni èmi àti Àlàájà tó rí mọ́tò tó gbà láti gbé wa dé Jídà. Akọ̀wé béèrè ìwé ìrìnnà àtijọ́. Mo ní mo ti sun tèmi. Àlàájà ò wojú mi. Ó tú kókó ìró rẹ̀, ó yọ tirẹ̀ jáde nínú ọ̀rá, odindi, kò tilẹ̀ ká létí.

Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ ní kí n sun tèmi.”

“Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi. Bí wọ́n bá bá ìwé Jámánì lọ́wọ́ ẹnì kan nínú yín, wọ́n á wá mi dé yàrá yẹn.”

Ó wólẹ̀ fún akọ̀wé, ó ní ọmọ òun ni mí. Ọkùnrin náà ṣí ìwé ìrìnnà Àlàájà, kò rí orúkọ ọmọ kankan níbẹ̀. Ìwé ìpadàsílé kan ṣoṣo ló kọ, ti Àlàájà. Inú bí mi débi pé n kò lè kí Àlàájà pé ó dàbọ̀, àmọ́ mo gbé ìgò omi Sámúsámù kan lé e lọ́wọ́ fún ìyá mi.

Ó jíṣẹ́ náà. Ìyá mi mu ún, ó sì ní kí wọ́n dá díẹ̀ sí fún mi, pé òùngbẹ á ti gbẹ mí kí n tó dé. Kò lo ọ̀sẹ̀ náà tán. Mo ti dárí ji Àlàájà, torí òun ló wẹ òkú ìyá mi, tó wé e, tó ṣe ohun tó yẹ kí n ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní ìlú wa ti gbòmìnira, ìgò yẹn ni mo máa ń rántí. Omi Mẹ́kà wà nílé tó ń dúró dè mí, èmi sì wà ní Mẹ́kà.