Ẹ̀yìn Wàláà Ràmátù

Lánàá, nítòsí ọjà Ìpàta, obìnrin kan ń fi ewé ẹ̀pín tútù ha igbá. Bí òórùn rẹ̀ ṣe kàn mí nímú, mo dúró gbagidi bí ẹni tí kẹ̀kẹ́ já sílẹ̀ síbi tí kò mọ̀.

Ewé ẹ̀pín la fi ń fọ wàláà nílé kéwú wa. Wàláà ni pátákó tí à ń kọ kéwú sí. Tàdáà, yíǹkì dúdú, àti kálámù tí a gbẹ́ lára pòròpórò ọkà bàbà la fi ń kọ ọ́. Ní Àlàrùbá, kí a tó tú ká, ẹni tó bá kàn yóò fọ gbogbo wàláà, tojú tẹ̀yìn, yóò da omi rẹ̀ sídìí igi dóńgóyárò kí ẹsẹ̀ má baà tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi Ràmátù, ọmọ oníṣu, adití ni: kì í gbọ́rọ̀, kì í sì í sọ ọ́. Àfáà wa ló kọ́ ọ láti máa ya ohun tó bá fẹ́ sọ sẹ́yìn wàláà rẹ̀. Nígbà tí àwọn kan ń kùn, Àfáà rẹ́rìn-ín: "Ojú wàláà, ti kéwú. Ẹ̀yìn rẹ̀, ti Ràmátù. Ẹ wò ó tán kí ẹ tó fèsì." Ó ya àgùntàn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà rí. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sáré yí mi ká: àgùntàn náà ń sá ni!

Àlàrùbá kan, èmi ló kàn. Ràmátù na wàláà rẹ̀ sí mi, ṣùgbọ́n kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí àwòrán mọ́tò oníṣu, ọmọbìnrin kan lórí ẹrù. Ó tún ya nǹkan kan sábẹ́ mọ́tò náà, ṣùgbọ́n n kò wò ó tán, wọ́n ti ń pe ìrun. Ọmọ kéwú kan kígbe sí mi: "Ìwọ yìí, ṣé wàá sùn síbẹ̀ ni?" Mo rò pé mọ́tò bàbá rẹ̀ lásán ni. Mo ha á mọ́. Ó ń wo omi dúdú náà.

Ní Sátidé, àyè rẹ̀ ṣófo. Bàbá rẹ̀ ti kó wọn lọ. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí mọ́tò yẹn ń sọ fún mi. Ní Ìpàta, àwọn kan ní Ṣakí ni, àwọn kan ní Kòńtàgórà.

Mo ti dàgbà, mo sì fúnra mi kọ́ bí a ti ń fi àwòrán àti ohùn inú fóònù sọ ìtàn. Òun ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé nínú pálọ̀ mi. Nígbà tí mo délé lánàá, Káfáyá, ọ̀kan nínú wọn, figbe ta: "Bàbá, mo ti pa àwòrán mi rẹ́!"

"Fọkàn balẹ̀. Wo ibi tí fóònù ń kó ìdọ̀tí sí."

Àwòrán padà wá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ẹ wò ó tán kí ẹ tó pa á rẹ́."

Igi dóńgóyárò yẹn ṣì wà. Bí mo bá ń kọjá, mo máa ń wo ìdí rẹ̀, níbi tí mo da omi wàláà Ràmátù sí. Erùpẹ̀ lásán ni.