Ọkọ̀ Tí Orúkọ Àwọn Àgbà Lé Kúrò Lórí Omi

Àwa méjì péré la ṣe eré kọ̀ǹpútà náà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ègùn kan tí a jọ kàwé jáde. Yàrá ìkẹ́rùsí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ kan ní Ibereko létí ọ̀sà la ti ṣe é. Àwọn ológun ló wà lórí oyè, Sáàpù, ètò ìṣúnnáwó wọn, sì ti kọ́ wa bí a ṣe ń pín búrẹ́dì kan sí àárọ̀ àti ọ̀sán.

Kọ̀ǹpútà wa ti gbó, àyè inú rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Àwòrán onígun mẹ́rin kékeré kan la fi ya koríko ojú omi. Tí a bá fi ìrù sí i, ó di ẹja. Nínú eré náà, ọkọ̀ kan ń gbé ẹja kọjá ọ̀sà, ó ń yẹ koríko sílẹ̀ kí ẹja má baà bàjẹ́. Olùkọ́ tó bá wá gba ṣọ́ọ̀kì yóò jókòó ti eré náà, yóò gbàgbé ṣọ́ọ̀kì. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí pé inú mi ti dùn jù.

Ọ̀gá wa kọ̀wé síjọba, owó dé. Ìgbìmọ̀ tẹ̀lé owó bí eṣinṣin ṣe ń tẹ̀lé agbọ̀n ẹja. Ẹni mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ní bí aṣojú gómìnà bá wá wo eré náà, tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn yóò gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Àdéhùn iṣẹ́ mi ti ń parí lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ padà sí Èkìtì lọ sọ fún ìyá mi pé ọkọ̀ ẹja inú tẹlifíṣọ̀n ni mo ń wà kiri?

Àga onítìmùtìmù la kọ́kọ́ rà. Lẹ́yìn náà, alága ní kí orúkọ gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ jáde lójú eré náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oyè wọn.

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Àyè ò gbà á."

"Ọmọ yìí, àyè tó gba koríko ni ò gba èmi?"

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín sí mi létí. "Ìwọ ará òkè, ọmọ odò ni mí. Ọkọ̀ yìí ò lè gbé ẹni mẹ́rìnlá."

Ó yẹ kí n kọ̀. Ojora ò jẹ́. Mo yọ koríko kí àwọn olóyè lè wọlé; mo yọ ẹja nítorí àwọn ẹnjiníà; nígbà tó kan alága fúnra rẹ̀, tó ní oyè márùn-ún, mo yọ ọkọ̀.

Lọ́jọ́ tí aṣojú gómìnà, ọ̀gá ṣọ́jà kan, dé, orúkọ ń kọjá, kálukú ń pàtẹ́wọ́ fún tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tán, omi nìkan ló kù.

Ọ̀gá ṣọ́jà náà tẹjú mọ́ ọn. "Kò sí nǹkan lórí omi yìí?"

"Rárá o, sà," ni alága wí. "Ìjọba yín ti kó gbogbo koríko kúrò."

Ṣọ́jà náà dìde, ó pàtẹ́wọ́.

Wọ́n gbà mí síṣẹ́ lóòótọ́, mo di akọ̀wé ìgbìmọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti kásẹ́ẹ̀tì tí eré wa àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ bọ àpò, ó ní òun ń lọ síbi tí èèyàn ò ti pọ̀. Ó wù mí kí n tẹ̀ lé e, mo sì dúpẹ́ pé mi ò tẹ̀ lé e, ìtìjú èrò méjèèjì yìí ò sì jẹ́ kí n lè wò ó lójú. Mo jókòó sórí àga onítìmùtìmù. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ni èyí tí a fi pe ẹnì kẹẹ̀ẹ́dógún sínú ìgbìmọ̀.