Ohun tí Mo Túmọ̀ fún Àwọn Tó Wá Ka Ẹran Igbó

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé ìfura mi pọ̀ jù. Mi ò jiyàn. Ní àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí mò ń ṣe tíṣà ní Ọ̀fà, mo fura sí ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tó ń fò lọ fò bọ̀ lórí igbó tí bàbá mi ti ń ṣọdẹ. Ó ń fò nísàlẹ̀ débi pé ewé igi ń mì. Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ wà láàárín àwa àti Ẹ̀rìn-Ilé nígbà náà. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé màápù dání, ojú olè ni mo fi ń wò ó.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin méjì láti ọ́fíìsì ìjọba wá sílé wa, tàwọn ti màápù. Wọn ò gbọ́ Yorùbá, bàbá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo bá di ògbufọ̀. Wọ́n ní ẹran igbó làwọn ń kà látòkè, ṣùgbọ́n igi ò jẹ́ káwọn rí abẹ́ rẹ̀. Bí ọdẹ bá lè jẹ́rìí pé ẹran ṣì wà níbẹ̀, ìjọba ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan igbó náà. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi, mo sì fi tèmi kún un: "Irọ́ ni wọ́n ń pa o, Bàámi. Ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà."

Bàbá mi wò wọ́n títí.

"Mo gba àwọn èèyàn yìí gbọ́," ó ní. "Sọ fún wọn pé ìgalà ń bẹ lẹ́bàá odò. Ọ̀bọ náà ń bẹ. Ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ wọn sókè díẹ̀, ariwo rẹ̀ ń lé àwọn ẹran kiri. Èmi fúnra mi á mú wọn débẹ̀."

Mo kọjú sí àwọn àlejò. Mo sọ fún wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì pé bàbá mi ní kò sí nǹkan kan nínú igbó náà mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Mo ní kí bàbá mi máa retí wọn. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti gba ilẹ̀ wa sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, katakata wọ igbó náà. Àwọn olóko ńlá kan ni ìjọba gbé e fún, torí ìwé ìjọba ní kò sí ẹran níbẹ̀. Àwa méjèèjì dúró létí títì, à ń wò wọ́n. Ìgalà kan já jáde, ó gba iwájú wa kọjá. Bàbá mi ò gbé ìbọn.

"Mo sọ fún wọn," ó ní. "Àbí mi ò sọ?"

"Ẹ sọ ọ́, Bàámi."

Ó gbá mi lọ́wọ́ mú. "Ìwọ lo mòye. O ní kí n má gbà wọ́n gbọ́."

Títí ó fi kú ní àwọn ọdún 1990, ó ń fi mí yangàn fún ará ilé àti àlejò pé ọmọ òun nìkan ló dá àwọn òpùrọ́ yẹn mọ̀. Ojú máa ń tì mí gan-an. Mo máa ń dákẹ́, wọ́n á sì ní onírẹ̀lẹ̀ ni mí.