Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ọdún Mẹ́tàlá

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin rí ní ìlú náà ti gbọ́ ohùn obìnrin yìí. Òun ló ń kéde fún èrò pé ọkọ̀ aago mẹ́jọ ti fẹ́ gbéra, pé kí ẹni tó gbàgbé ẹrù sórí bẹ́ǹṣì tètè lọ gbé e. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń jókòó nínú yàrá kékeré onígíláàsì yẹn, kò sì sí ẹni tó ṣi ọkọ̀ wọ̀ rí nítorí pé ohùn rẹ̀ kò já gaara. Olóhùn-Iyọ̀ ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é. Kì í díbọ́n bí ẹni tí orúkọ náà ń tì lójú, ó mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ohùn yìí náà ló gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń fi Yorùbá sí ẹnu àwọn ènìyàn inú fíìmù. Géèmù kan wà tí àwọn ará Jàpáànù ṣe, tí kò sí ọmọ tí kò fẹ́ràn rẹ̀ láyé ìgbà kan. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá kan ló fẹ́ gba abúlé rẹ̀ lọ́wọ́ òkùnkùn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó wọ inú òkè lọ, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti òkùnkùn náà, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ń sunkún lóde. Bó ṣe parí nìyẹn. Àwọn tó fi géèmù náà ṣeré nígbà ọmọdé ti ní irùngbọ̀n báyìí, inú ṣì ń bí wọn. Ìyẹn ni wọ́n fi ṣe apá kejì, tó jẹ́ fíìmù lọ́tẹ̀ yìí, àwòrán tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà, tó ń rìn tó ń mí bí ènìyàn gidi. Ogójì ọdún ti kọjá nínú ìtàn. Àbúrò ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ewú ti bo orí rẹ̀. Ilẹ̀kùn òkè ṣí, ẹ̀gbọ́n jáde, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ṣì jẹ́. Olóhùn-Iyọ̀ ni wọ́n ní kó ṣe ohùn àbúrò.

Ó gbé ìwé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé, ó ń kà á nídìí tábìlì, ó bá dúró síbì kan. "Káàbọ̀. Mo ti ń retí rẹ," ni wọ́n ní kí àbúrò fi kí ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ ń pe àbúrò ní "ẹ" láti òkè délẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ti wo ojú àwòrán, ó rí ọmọdé, ó rí àgbàlagbà, ó sì pín ọ̀wọ̀ fún wọn bó ṣe rí wọn.

Olóhùn-Iyọ̀ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí ju ẹni tó kọ ọ́ lọ. Òun náà ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tó fi ọdún méjì jù ú. Ibà ló pa á ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí àbúrò yìí pé ọdún mọ́kànlá, ó bá a dọ́gba. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kọjá rẹ̀, ó sì ń ṣe é bí ẹni pé ó jí nǹkan. Fọ́tò ọmọ náà wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ dòní, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti eyín iwájú tó yọ. Àlejò á bi í pé ṣé ọmọ yín nìyí, á ní rárá o, bọ̀ọ̀dá mi ni. Ọkọ rẹ̀ ṣèèṣì pè é ní "àbúrò rẹ" nígbà kan, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ fíìmù lọ. Bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n ní "o" nítorí pé ẹ̀gbọ́n kò dàgbà mọ́, a jẹ́ pé ó ti gba ipò lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá tirẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ó wọ yàrá tí wọ́n fi fóòmù bo gbogbo ògiri rẹ̀, ó dúró nídìí gbohùngbohùn, ó sì sọ fún ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ pé òun máa yí gbólóhùn náà padà. Ọ̀gá yìí kò tíì pé ogójì ọdún, Mọ́mì ló sì ń pe gbogbo obìnrin tó bá jù ú lọ. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé pé àwọn ọmọdé ló máa wò ó, pé bí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta bá ń pe ọmọ kékeré ní "ẹ", ẹ̀rín ni wọ́n máa rín níbi tó yẹ kí wọ́n ti sunkún. Olóhùn-Iyọ̀ ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n á rín in tán. Ọ̀gá ní bí ẹnu Mọ́mì kò bá lè sọ ohun tó wà nínú ìwé, obìnrin mìíràn wà tí òun lè pè. Olóhùn-Iyọ̀ ní kó pè é.

Ọ̀gá rí i pé agídí kò ní ṣe é, ló bá gba ọ̀nà òwe.

"Mọ́mì, ẹ gbọ́ o. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Nínú àwọn méjèèjì yìí, ta ló lákìísà?"

Òwe náà bọ́ sójú rẹ̀, Olóhùn-Iyọ̀ gbà bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀.

"Èmi ni mo lákìísà," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ wọṣọ."

Ó gbọ́ "èmi" tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, kò sì kó o jẹ. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ. Ó wo ìwé, ó wo aago, ó ní kí Mọ́mì sọ ọ́ bó ṣe fẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí kò bá dùn létí, òun á pe ẹni kejì.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ló ń ṣe ohùn ọmọkùnrin náà, ohùn ọmọbìnrin yìí ki tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé "ọ̀gbẹ́ni" ni wọ́n máa ń pè é lórí fóònù. Lójú àwòrán, ọmọ náà dúró síwájú ilé àbúrò rẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. Ọmọbìnrin yìí ka tirẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni yín?"

"Ẹ káàbọ̀, bọ̀ọ̀dá mi."

Ọmọbìnrin náà la ẹnu láti ka èyí tó kàn, "Ẹ ṣeun, mà," kò lè kà á. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pe ọmọ inú ìtàn yìí ní bọ̀ọ̀dá ní gbogbo ayé.

"Ìwọ ni?" ni ó wí. "O ti dàgbà."

Kò sí i nínú ìwé. Ọ̀gá gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó mú bírò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé gbogbo "ẹ" àti "o" inú ìwé náà láti ojú ewé yẹn lọ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi tún un ṣe, ọ̀gá kò sì bẹ Olóhùn-Iyọ̀ pé kó má bínú, nítorí obìnrin náà kò bínú.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní gbọ̀ngàn sinimá. Olóhùn-Iyọ̀ mú ìyá rẹ̀ dání, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tí kò mọ nǹkan kan nípa géèmù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde, àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín lóòótọ́, bí ọ̀gá ṣe wí. Lẹ́yìn náà ni ọmọ inú fíìmù ní, "Ìwọ ni?" Ẹ̀rín náà tán. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan níwájú wọn yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀wù nù ún. Olóhùn-Iyọ̀ kò sunkún. Ó ń tẹ́tí bóyá ohùn òun já gaara, ó sì já gaara.

Wọ́n tan iná, àwọn èèyàn ń jáde, ìyá rẹ̀ kò dìde. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta nìyí tí mo ti ń gbọ́ tí ò ń pe bọ̀ọ̀dá rẹ," ni ìyá wí. "Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ tó dá ọ lóhùn."